Ìwé Tí Mo Kọ fún Orí Àna Mi

Ó ń rẹ̀ mí láti sọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi. Mo ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ àlejò tó rí àna mi lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Sakẹ́tẹ́, tó sì béèrè pé kí ló ṣe é. Gbogbo wọn ló máa ń gbọ́ ọ tán tí wọ́n á mi orí, tí wọ́n á ní àmúwá Ọlọ́run ni. Gbólóhùn yẹn máa ń bí mi nínú. Ọlọ́run kọ́ ló mú gègé ìkọ̀wé dání lọ́jọ́ náà, èmi ni.

Ọmọ Igana ni mí, ọmọ àgbẹ̀, àwọn fadá ló kọ́ mi níwèé. Nígbà tí Faransé ṣì ń ṣàkóso ilẹ̀ wa, nọ́ọ̀sì kékeré ni mí ní ilé ìwòsàn Pobẹ̀. Dókítà òyìnbó kan wà ní Àjàṣẹ́ tó ń yọjú sí wa lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Láwọn ọjọ́ tó kù, èmi ni mo ń wẹ egbò, èmi ni mo ń gún abẹ́rẹ́, èmi náà ni mo ń kọ ìwé pé ara lágbájá ti dá, kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, màá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Sakẹ́tẹ́, màá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan níbẹ̀, màá tún ṣe iṣẹ́ kan náà. Ọkọ̀ yẹn kì í dé lásìkò. Nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé orí àga gbọọrọ ibùdókọ̀ Pobẹ̀ ni ìdajì ayé mi tán sí.

Sakẹ́tẹ́ náà ni mo ti fẹ́ ìyàwó. Mùsùlùmí ni wọ́n nílé wọn, oníṣòwò, aṣọ ni wọ́n ń tà. Ìyá ìyàwó mi kì í pariwo. Bó bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ, á kí ọ, á kí ọmọ rẹ, á kí iṣẹ́, á kí òjò, títí ìwọ fúnra rẹ á fi béèrè pé, ìyá, kí ni kí n ṣe?

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, àbúrò ìyàwó mi, ni ẹni tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó tó ọmọ ọdún méjìlélógún nígbà náà. Ó ń bá ìyá rẹ̀ gbé aṣọ lọ sọ́jà, Pobẹ̀ lónìí, Àjàṣẹ́ lọ́la, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún Sakẹ́tẹ́. Ẹ̀yìn ló ń dúró sí, níwájú aṣọ́lé. Orí ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Bọ́ọ̀lù tí ẹlòmíràn bá ń yẹ̀ fún, òun á fò sókè, á kàn án, á dá a padà síbi tó ti wá.

Ẹ má fi bọ́ọ̀lù ìsinsìnyí wé ti ìgbà náà o. Awọ màlúù ni, wọ́n á fi okùn awọ so ó lẹ́nu bí ẹní so bàtà, okùn yẹn sì máa ń bó èèyàn níwájú orí. Bí òjò bá rọ̀, awọ á mu omi, á wúwo. Ọgbọ́n tí àwa ará Pobẹ̀, ọmọ ọlọ́pẹ, dá sí i ni pé a ń fi àdí pa á kí omi má bàa wọ̀ ọ́. Omi ń wọ̀ ọ́ náà ni. Àdí kàn ń jẹ́ kó máa yọ̀ ni.

Oṣù kẹfà ni nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Òjò ti mu pápá yó. Pobẹ̀ wá bá Sakẹ́tẹ́ gbá a nílé wọn, mo sì wà létí pápá pẹ̀lú àpótí oògùn mi, nítorí kọmandan, òyìnbó tó jẹ́ olórí agbègbè wa, ti pàṣẹ pé kí wọ́n má gbá bọ́ọ̀lù níbi tí kò bá sí nọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀lù kan lọ sókè. Àna mi fò. Ọmọ Pobẹ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní oko ọ̀pẹ ìjọba náà fò. Orí bá orí, mo sì gbọ́ ọ láti ibi tí mo wà. Ọmọ Pobẹ̀ jókòó sílẹ̀, ó di orí mú. Àna mi ṣubú, kò mira.

Nígbà tó lajú, ó bi mí pé ta là ń bá gbá. Mo dá a lóhùn. Ó tún bi mí, mo tún dá a lóhùn. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kẹta pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò tíì bi mí rí. Ìgbà náà ni ẹ̀rù bà mí. A yọ ilẹ̀kùn kan, a fi gbé e lọ sílé ìyá rẹ̀, ó sì ń bì lójú ọ̀nà.

Dókítà bọ́ sásìkò, ọ̀sẹ̀ náà gan-an ló wá. Ó tan iná kékeré sí i lójú, ó ní kó rìn lórí ìlà tí òun fi ẹfun fà sílẹ̀, lẹ́yìn náà ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní egungun kò fọ́, ṣùgbọ́n inú orí ti mì. Kó sinmi níbi tí kò sí ariwo àti oòrùn. Kó má sún mọ́ bọ́ọ̀lù títí yóò fi lo ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko láìsí ẹ̀fọ́rí, láìsí òòyì, nítorí bí nǹkan bá tún ba orí tí kò tíì jinná, bó ti wù kó kéré tó, ó lè burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òun kò ní sí níbẹ̀, ó ní. "Ìwọ ni kí o bi í," ló wí fún mi ní Faransé, "kí o tó fọwọ́ sí ìwé." Mo ní ó yé mi. Ó yé mi lóòótọ́, èyí tó burú níbẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa, n kò ní purọ́. Wọ́n fi aṣọ dúdú bo fèrèsé yàrá rẹ̀. Nígbà tó sọ pé ìró odó ń gún òun lórí, àwọn obìnrin agbo ilé gbé odó wọn lọ sí agbo ilé kejì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gúnyán, tí wọ́n ń ru ú bọ̀ wálé nínú ẹrẹ̀. Ọmọ Pobẹ̀ tó kọlù ú wá kí i, ó ru iṣu láti Isaba, iwájú orí rẹ̀ ṣì wú. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá, ó ń sunkún. Ìyá ní kó dìde, pé eré ni wọ́n ń ṣe, kò sẹ́ni tó bá ẹnikẹ́ni jà.

Lọ́jọ́ kẹjọ, ìyá ìyàwó mi ṣe sàráà ìdúpẹ́. Bí tiwọn ṣe rí nìyẹn: ẹni tí ewu bá fò dá, wọ́n á dín mọ́sà, wọ́n á pe àwọn àlùfáà, wọ́n á ṣe àdúà, aládùúgbò á jẹ. Mo bá a sọ ọ́ pé kó jẹ́ ká ní sùúrù díẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní bí a bá dúpẹ́ oore àná, a ó rí òmíràn gbà. Àna mi jókòó láàárín wọn nínú aṣọ funfun, ó fa fìlà wá sójú, ó ń ṣe àmín. Èmi náà jẹ mọ́sà mẹ́rin. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé àwọn odó padà wá sílé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún.

Ohun tí n kò fi ara balẹ̀ rò nígbà náà ni ohun tí sàráà yẹn ń ṣe fún ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Gbogbo àdúgbò ti jẹ mọ́sà ara rẹ̀ tó dá. Bó bá wá jáde tó ní orí ṣì ń fọ́ òun, kí ni kí wọ́n ti wá pe àdúà àwọn àlùfáà? Ta ni yóò fi ojú ìyá rẹ̀ gbolẹ̀ bẹ́ẹ̀? Láti ọjọ́ náà, "O kú ewu" ni wọ́n ń kí i, "A dúpẹ́" ló sì ń dáhùn. Ó ń lọ sọ́jà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò bá wò ó dáadáa kò ní rí nǹkankan.

Ọdún àwọn Faransé sì ń bọ̀ láàárín oṣù keje. Lọ́jọ́ ọdún náà, kọmandan máa ń fún ìlú tó bá borí nínú bọ́ọ̀lù ní ife kan. Ife náà ti jókòó sí Pobẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ó sì ń dun Sakẹ́tẹ́ dé egungun. Kọmandan ní ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣèṣe rí gbọ́dọ̀ mú sẹ̀tífíkà nọ́ọ̀sì wá kó tó lè gbá a. Ọ̀gá àwọn agbábọ́ọ̀lù Sakẹ́tẹ́, olùkọ́ ilé-ìwé kan tó máa ń sọ Faransé sí mi bí ẹni pé n kò gbọ́ Yorùbá, wá bá mi nígbà mẹ́ta nítorí ìwé yìí. Mo ní kó dúró. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó bi mí bóyá nítorí pé ọmọ apá Pobẹ̀ ni mí ni. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, mo ti lo ọjọ́ mẹ́ta lórí kẹ̀kẹ́, Isaba, Igana, àti àwọn abúlé tó wà láàárín, mo ń gún abẹ́rẹ́ ìgbóná fún àwọn ọmọdé tí wọ́n bá ti rí mi tí wọ́n á ti sá wọgbó. Apá ń ro mí. Itan ń ro mí. Ọkọ̀ ojú irin pẹ́ títí oòrùn fi kan àtàrí. Nígbà tí mo máa fi dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní Sakẹ́tẹ́, àwọn aláìsàn ti tò jáde sí gbangba. Níwájú gbogbo wọn, lórí àga tí wọ́n gbé wá láti ilé, ìyá ìyàwó mi jókòó. Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Olùkọ́ dúró lẹ́yìn ọmọ. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá. Ó kí mi, ó kí iṣẹ́, ó kí ìrìn, ó kí àwọn ọmọ. Ó ní àwọn kò ní dí mi lọ́wọ́ púpọ̀.

Mo gbójú sókè wo ọmọ rẹ̀. Mo ní, "Ṣé ara ti le?"

"A dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n," ló wí.

Kí ni ká tún retí kó wí? Bí ìyá rẹ bá jókòó níwájú rẹ, tí ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ bi ọ́ bóyá ara le, kò sí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílẹ̀ wa tí yóò ní rárá, kò le. Ẹni tó ń kú lọ pàápàá ń dúpẹ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà, wọ́n ní, ojú rẹ̀ sì ń sá fún oòrùn tó ń tàn sí i láti ẹ̀yìn mi. Mo lè ní kó wọ yàrá, kí n ti ilẹ̀kùn, kí n bi í pé ọjọ́ mélòó lo ti lò láìsí ẹ̀fọ́rí. Ìbéèrè kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí, mo sì fẹ́ kí gbogbo wọn kúrò níwájú mi. Mo fa ìwé, mo kọ ọ́ ní Faransé pé ara rẹ̀ ti dá ṣáṣá, mo tẹ òǹtẹ̀ lé e. Ìyá ṣàdúà fún mi. Olùkọ́ bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sọ Yorùbá sí mi lọ́jọ́ náà.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo sọ fún ìyàwó mi ní Pobẹ̀. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó gbé àtẹ sílẹ̀. Ó ní àbúrò òun kì í forí kanlẹ̀ mọ́ bó bá ń kírun. Ẹ̀yìn gbogbo èèyàn ló ń lọ ní mọ́ṣáláṣí, ibẹ̀ ló ń jókòó sí kírun bí arúgbó, nítorí bó bá ti tẹ orí wálẹ̀, á dà bíi pé orí náà fẹ́ là. Òun rí i nígbà tí òun lọ kí wọn nílé, òun bi í, ó sì bẹ òun kí òun má sọ fún ìyá. Òun ti rò pé bó bá dé ọ̀dọ̀ mi, yóò sọ fún mi fúnra rẹ̀. Mo ní ó sọ fún mi pé ara òun le.

Ìyàwó mi wò mí títí. "Ṣé ẹ bi í ni," ó ní, "àbí ẹ kí i?"

Ó gbé àtẹ rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà lọ.

Ó yẹ kí n lọ lọ́jọ́ kejì, kí n gba ìwé náà padà, kí n fà á ya. Mo rò ó. Mo ro ojú ìyá. Mo ro olùkọ́ tí yóò ní, àwọn kò wí? Mo ro kọmandan tí ìwé ti dé ọwọ́ rẹ̀, tí yóò bi mí irú nọ́ọ̀sì tó ń kọ ohun tí kò dá a lójú. Ojúmọ́ ń mọ́, ilẹ̀ ń ṣú, aláìsàn kò yéé wá. Bí mo ṣe jókòó títí di ọjọ́ ọdún nìyẹn.

Pápá Pobẹ̀ ni wọ́n ti gbá a. Mo lọ dúró dè wọ́n ní ibùdókọ̀. Mo fa àna mi sí ìdí igi kan, mo sì bi í níkẹyìn, bó ṣe yẹ kí n ti bi í, bóyá orí ń fọ́ ọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti kọ ọ́," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó rí bí ẹ ṣe kọ ọ́."

Ó ń bẹ̀ mí ni, n kò rí ìbínú lójú rẹ̀. Mo lè gbá a mú. Mo lè pariwo. Ohun tí mo ṣe ni pé mo lọ bá olùkọ́, mo bẹ̀ ẹ́ kó má fi í sí àárín, kó fi í sí ẹ̀gbẹ́ pápá níbi tí bọ́ọ̀lù kì í ti í sábà ga. Ó gbà. Inú mi dùn bí ẹni pé mo ti ṣe iṣẹ́ mi.

Ìdajì àkọ́kọ́ kọjá, kò fi orí kan nǹkankan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Ní ìdajì kejì, bọ́ọ̀lù kan wá sọ́dọ̀ rẹ̀, kò le, kò ga, irú èyí tí ọmọdé lè kàn. Ó lè fi àyà gbà á. Ṣùgbọ́n ohun tó ti mọ́ni lára, mọ́ni lára ni, orí ló gbé sí i. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Kò ṣubú. Ó rìn díẹ̀, ó yí padà, ó ń lọ sọ́nà ibi tí àwọn òǹwòran wà, ó na ọwọ́ síwájú bí ẹni ń wá ilẹ̀kùn, ó sì kúnlẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọmọlójú kan ti fẹ̀ ju ìkejì lọ.

Ọkọ̀ kọmandan ló gbé wa lọ sí Àjàṣẹ́. Wọ́n lu ihò sí egungun orí rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó sé síbẹ̀ lè jáde. Ọjọ́ mọ́kànlá ni kò mọ ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í. Mo ń retí kó bú mi, kò bú mi, kò sì bú mi títí ìyá náà fi kú lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Dókítà ló bi mí. Ó ní ṣé mo bi í kí n tó fọwọ́ sí i? Mo ní mo bi í. Irọ́ ni, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo máa jẹ́wọ́ rẹ̀.

Àna mi kò kú. Ó jí, ó tún ìrìn kọ́, apá òsì rẹ̀ kò bọ̀ sípò mọ́. Ó mọ ìyá rẹ̀, ó mọ ìyàwó mi, ó mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ kì í bá a dalẹ́. Wọn kò lè rán an lọ́jà mọ́, á gbé aṣọ jáde, á gbàgbé ibi tó ń lọ, á dúró sí oríta títí ẹnì kan á fi mú un wálé. Ìfarapa méjèèjì yẹn kò sí nínú ọkàn rẹ̀ rárá. Lójú tirẹ̀, ẹni ọdún méjìlélógún ni òun, ọdún Faransé ń bọ̀, Sakẹ́tẹ́ fẹ́ gba ife, sẹ̀tífíkà nìkan ló kù.

Nítorí náà ló ṣe ń wá. Bó bá ti di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́bọ̀, tó bá gbọ́ orúkọ ọjọ́ náà nílé, á dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, á so bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ kọ́rùn, á tò lẹ́yìn àwọn aláìsàn bí ọmọlúàbí. Bó bá kàn án, á ní òun wá gba ìwé. Mo ń mú un wọ yàrá, mo ń ti ilẹ̀kùn. Mo ń bi í nípa ẹ̀fọ́rí, nípa òòyì, nípa oorun, gbogbo ohun tí dókítà ní kí n bi. Òótọ́ ló sì ń sọ fún mi báyìí, pé orí ń fọ́ òun. Màá ní n kò lè kọ ọ́. Ojú rẹ̀ á fà ro, gbogbo ìgbà, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ. Àwọn èèyàn ní kí n kọ nǹkankan sórí ìwé fún un, ìwé lásán, kó gbà, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. N kò kọ ọ́.

Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú. Ọmọ ilé-ìwé tó ń wòran wọn nígbà náà ti di agbábọ́ọ̀lù. Lọ́jọ́bọ̀ kan tí òjò ń rọ̀, tí kò tilẹ̀ sí aláìsàn mìíràn, ó jókòó síwájú mi nínú yàrá, mo ti bi í tán, mo ti kọ̀ fún un tán. Kò dìde bó ṣe máa ń dìde. Ó ń wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ṣé kì í rẹ̀ yín láti máa kọ̀ fún èèyàn?"

Mo ní ó ń rẹ̀ mí.

Ó rò ó díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì dára kàn mí léjìká. Ó ní kí n lọ sùn, pé kò sí wàhálà, òun á padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òun ló wà níwájú gbogbo àwọn aláìsàn.